Ọjọ́ Súnà tí Ọmọ Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: irọ́ tí o kò pa, bí o bá ti gbé e rìn, o ti di ọ̀kan nínú àwọn tó pa á. Ọlọ́hun Ọba kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa. Bí pòkíì, ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku, bá gbé ìròyìn dé, Ó ní kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà ṣe ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ níbi. Kí a wádìí ni! Kò ní kí a tẹ̀ ẹ́ síwájú. Àbí mo purọ́?

Obìnrin kan wà ní Èjìgbò, Ìyá Mùtáírù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà mọ Èjìgbò àti Àbíjàn: bí ilé oníyàrá méjì ni, ẹni tí o kò bá rí nínú èyí, ó wà nínú ìkejì. Ọdún méjìdínlógún ni Ìyá Mùtáírù fi ta aṣọ ní Àbíjàn kó tó darí wálé. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Júlà tí wọ́n ń sọ lọ́jà ibẹ̀, bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Mùtáírù ọmọ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó fẹ́ ọmọ Júlà kan, mùsùlùmí òdodo, Àwá lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Àwá lóyún, Mùtáírù fi í ránṣẹ́ sílé kí ìyá òun lè wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Àwá bí ọkùnrin. Ìyá Mùtáírù ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tó ń fi àdín àgbọn pa á lára, tó ń kì í.

Ọjọ́ kẹfà ni fídíò kan ti inú gúrúúpù àdúgbò dé sórí fóònù rẹ̀. Èéfín ń rú, èrò ń sá, ẹnì kan sì ń fi èdè wa pariwo lórí rẹ̀: “Yéè! Wọ́n ti ń pa wá ní Àbíjàn o! Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá tí ẹ bá fẹ́ràn àwọn èèyàn yín!”

Àyà Ìyá Mùtáírù já. Ó tún un wò, etí rẹ̀ sì sọ nǹkan kan fún un: igbe tí àwọn èrò yẹn ń ké, kì í ṣe Faransé, kì í ṣe Júlà. Wàlàhí, etí rẹ̀ sọ fún un! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí etí jẹ́rìí. Ó pe Mùtáírù, kò wọlé. Ó pè é nígbà mẹ́wàá. Obìnrin tó ti gba ọ̀nà yẹn títí tó fi mọ gbogbo ẹnubodè rẹ̀! Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti kúrò ní Àbíjàn wọ Gánà, nọ́ńbà rẹ̀ ti kú nìyẹn títí yóò fi délé. Ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn.

Àwá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi Júlà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí ìyá ọkọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá.”

“Àwọn èèyàn rẹ ń pa ọmọ mi, ìwọ ń rẹ́rìn-ín?”

“Màmá, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́jà báyìí, ọjà ń ná. Ọkọ mi wà lọ́nà, ó ń bọ̀ wá ṣe súnà, kó sọ ọmọ lórúkọ. Òun ló ní kí n má sọ, pé ẹ kò ní lè jẹun títí òun á fi dé.”

“Ọ̀nà wo? Ọ̀nà ọ̀run?”

Aládùúgbò kan na ọrùn láti orí ògiri: “Ìyá Mùtáírù, ẹ kó ọ̀bẹ ilé ìdáná yín pamọ́ o!”

Ìyá Mùtáírù sì kó àwọn ọ̀bẹ náà pamọ́. Kò fẹnu kan oúnjẹ tí Àwá sè mọ́. Omi tó bù fún un, ó dà á nù. Kí ló yí padà lára ọmọbìnrin yẹn láti àárọ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Kò sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ síwájú ilé pẹ̀lú igi. “Ẹ gbé e jáde! Ẹ̀jẹ̀ la ó fi gba ẹ̀jẹ̀!” Ìyá Mùtáírù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ: “Ìyàwó mi ni.” Ìyá arúgbó ni, wọn ì bá tú ká. Kò sọ ọ́. Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wọn.

Jímọ̀, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àbíjàn, tí ilé rẹ̀ fẹ̀yìn kan ilé Ìyá Mùtáírù, ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fa Àwá àti ọmọ jáde sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ gbéra. Àwá rò pé òun á pàdé ọkọ òun ní ẹnubodè. Ọkọ̀ méjèèjì pàdé lóòótọ́, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ẹni tó ń sùn nínú ọ̀kan kò mọ ẹni tó ń sunkún nínú ìkejì.

Ọjọ́ kẹjọ, Mùtáírù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ọmọ lọ́wọ́. Àwọn àlùfáà ti jókòó; Ìyá Mùtáírù ti ní kí wọ́n bá òun ṣàdúà fún òkú ọmọ òun.

“Ìyá mi, ẹ kú ewu ọmọ o! Àwá dà?”

Ìyá dì mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ pa á lójú, lórí, léjìká.

“Mo ní Àwá dà, Ìyá mi?”

Nígbà tí wọ́n rò ó fún un tán, orí ẹní òfìfo ni wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Sálímù.  Mùtáírù kò mu omi. Ọkọ̀ tó gbé e wá ló tún wọ̀ padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi fídíò yẹn síta kò mọ Àwá. Bí èèyàn ṣe ń wò ó lowó ń wọlé fún un; ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wọ gúrúúpù àdúgbò ńkọ́? Àwọn tó gbé igi ńkọ́? Ta ló mú wọn? Ta ló bi wọ́n léèrè? Wọ́n ń kírun láàárín èèyàn títí dòní. Ẹ má wo ojú ara yín. Fóònù tó wà nínú àpò yín ni kí ẹ wò.

Sálímù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní Àbíjàn. Mùtáírù kò pe ìyá rẹ̀ mọ́, àfi ọjọ́ ọdún. Gbogbo ìgbà tí Jímọ̀ bá fẹ́ lọ ni Ìyá Mùtáírù ń gbé àdín àgbọn wá fún un, ó ní kó sọ fún Àwá pé kó gbé ọmọ òun wálé. Àwá ń gba àdín, ó ń dúpẹ́, ó ń kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èsì kan náà ló sì máa ń fi rán Jímọ̀:

“Ẹ bá mi bi Màmá, ṣé ewu kò sí ní Èjìgbò báyìí?”

Ọlọ́hun Ọba, má jẹ́ kí ìka wa yára ju ọgbọ́n wa lọ. Fún wa ní súúrù tí a ó fi wádìí, kí O sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi sọ “ìyàwó mi ni” nígbà tí èrò bá gbé igi. Àwọn tó ń fi fìtínà ṣòwò, jẹ́ kí ọjà wọn kùtà. Ọmọ tí a ti fi irọ́ lé jáde nílé, Ìwọ ló lè mú un padà. Àmín.