Omi Dídùn Tí Àkànní Mu

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù lọ, ní Ọ̀rányàn níbí náà ni a ń gbé… ilé alámọ̀, àgbàlá kan, gbogbo ẹbí pa pọ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Ṣadé, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ìwọ tí o bi mí pé, "Màmá, mo ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ni kí n máa fún un mu?" Ìbéèrè dáadáa ni. Àmọ́ kì í ṣe ìbéèrè kékeré o. Mo mọ ìyá kan tó bèèrè rẹ̀. Ìyá tó bí mi ni.

Ẹ gbọ́. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ kì í tètè kúrò lẹ́nu ọmú. Yóò rìn, yóò sáré, yóò bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò sì tún padà wá mu ọmú. Bó bá ti dàgbà tó, ìyá á fi ewúro ra orí ọmú. Ohun tí ìyá mi ṣe fún Àkànní, àbúrò mi, nìyẹn. Ó fẹnu kàn án, ó fa ojú ro, ó wá wo ojú ìyá mi báyìí… bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku kí ni? Ó ku ohun tí yóò máa mu. Ẹ dá mi lóhùn: kí ló wà ní Ìbàdàn nígbà náà? Kò sí ẹ̀rọ omi. Kò sí gbogbo omi ọsàn inú páálí tí ẹ ń gbé káàkiri yìí. Ẹ̀kọ gbígbóná wà. Wàrà wà, obìnrin Fúlàní kan máa ń ru igbá wọlé láàárọ̀, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, á gbé wàrà náà kaná títí yóò fi hó, á lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á bù ú fún Àkànní nínú ife tánganran. Omi náà wà. Ṣùgbọ́n omi odò ni.

Omi yẹn ló fa ọ̀rọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Àkànní. Ìyá mi pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan tí àwọn onígbàgbọ́ ṣí. Mo di etí aṣọ wọn mú, mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ Èkó ni, obìnrin jẹ́jẹ́, aṣọ rẹ̀ funfun báláú.

Ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Omi odò yẹn kò dáa fún un. Ẹ máa sè é, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Omi dídùn ni kí ẹ máa fún un. Bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́, ẹ má fi dù ú."

"Omi dídùn?"

"Omi dídùn ni, Màmá."

Ìyá mi dúpẹ́ títí.

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì sáré. Ẹni tó bá dàgbà létí ọ̀sà, bíi nọ́ọ̀sì ará Èkó yẹn, kànga wọn a máa ní iyọ̀ lẹ́nu. Omi oníyọ̀ ni omi burúkú lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó mọ́, tó ṣeé mu, omi dídùn ni wọ́n ń pè é. Ó yé yín? Ó dáa. Ní Ìbàdàn ńkọ́, níbo ni omi oníyọ̀ ti fẹ́ wá? Omi kan ṣoṣo ló ń dùn lọ́dọ̀ tiwa. Omi tí wọ́n fi ṣúgà sí.

Láti ibẹ̀, Ọjà'ba ni ìyá mi gbà lọ. Ṣúgà ìgbà náà, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń yọ ọ́ fún. Aṣọ tí ìyá mi fẹ́ rà fún ọdún, wọn kò rà á mọ́, ṣúgà ni. Wọ́n ń se omi, wọ́n ń jẹ́ kó tutù, wọ́n ń po ṣúgà sí i. Àkànní á dì mọ́ ife náà, á máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin àgbàlá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè wọ́n. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín ti di Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó o! Ṣúgà láàárọ̀, ṣúgà lálẹ́!"

"Ẹ fi Ajẹ́lẹ̀ mi sílẹ̀. Bó bá kọ́lé fún mi tán, ẹ má wá tọrọ yàrá."

Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí kì í mu wàrà mọ́. Ẹ̀kọ gan-an, ó ń tu ú dànù."

"Màámi, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló sọ ọ́. Ìgbẹ́ gbuuru náà kò sì ti dá?"

Òótọ́ ni, ó dá. Ẹ kíyè sí i dáadáa: sísè tí wọ́n ń sè é ló dá a dúró. Ìyá mi rò pé ṣúgà ni. Ta ni ìbá dá wọn lẹ́bi?

Ṣé ẹ mọ bí ikùn ọmọdé ṣe tó? Ṣadé, di ìkúùkù ọmọ rẹ kí o wò ó. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi ṣúgà bá ti kún ibẹ̀, níbo ni wàrà yóò gbà? Níbo ni ẹ̀wà yóò gbà?

Ojú Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn èèyàn ní, "Ó ń sanra!" Irun rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Eyín iwájú rẹ̀ ń dúdú. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jin, kò sì padà.

"Kò sanra," ni wọ́n wí. "Omi ni."

A padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá mi. "Màmá, kí ló ń mu?"

"Ohun tí ẹ ní kí n fún un ni. Omi dídùn. Mi ò fi dù ú rí. Bí ṣúgà bá tán nílé, mo máa ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò."

"Ṣúgà? Màmá, ta ló dárúkọ ṣúgà?"

"Kí ló tún ń mú omi dùn?"

Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ lé orí, ó jókòó sílẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ wàrà padà, díẹ̀díẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń mu ún… Ibà kan wá dé nígbà òjò. Gbogbo ọmọ àgbàlá ló ní in, gbogbo wọn ló bọ́. Àkànní kò ní agbára tí yóò fi bá a jà.

Nọ́ọ̀sì wá kí wọn. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí, kò lè wọlé. Ìyá Àgbà kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá mi ló gbójú sókè, wọn kò sì bú u. Wọ́n ní, "Àwọn ìyá yòókù ńkọ́?"

"Màmá?"

"Omi dídùn. Ṣé èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún?"

Ẹkún ni nọ́ọ̀sì bú sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi wé gèlè. Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, níbo lò ń lọ?" Wọ́n ní, "Màámi, mò ń bọ̀." Àwọn méjèèjì jọ jáde. Wọ́n rìn láti Ọ̀rányàn dé Àrẹ̀mọ, wọ́n gba Bẹẹrẹ, ilé dé ilé. Nọ́ọ̀sì á kan ilẹ̀kùn, ìyá mi á sọ̀rọ̀: "Omi lásán ni wọ́n wí o. Omi tí ẹ sè, tó tutù. Ẹ má fi nǹkan kan sí i." Lásán… ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé, àwọn ilé kan wà tí àwọn dé, tí kò sí ọmọ lẹ́yìn ìyá mọ́. Wọ́n á kí i, wọn kò ní bèèrè, wọ́n á kọjá.

Ṣadé, ìdáhùn rẹ nìyí. Omi lásán. Wàrà tí kò ní ṣúgà nínú. Ọsàn, jẹ́ kó jẹ ẹ́ bó ṣe wà, má fún omi rẹ̀ sínú ife fún un. Tíì kì í ṣe ti ọmọdé, mínírà kì í ṣe tirẹ̀.

Hẹ̀n-ẹ́n… Ìyá mi ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Ẹ̀yin ti òde òní, kí lẹ ṣì gbọ́? Ṣúgà náà ló wà nínú ohun tí wọ́n ń kó fún àwọn ọmọ lọ síléèwé yìí, wọ́n tún ya ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sára páálí rẹ̀. Gbogbo ilé ló wà. Ta ni yóò wé gèlè jáde nítorí tiwọn?