Àwọ̀n Ọ̀sán Gangan

Mo ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach nígbà tí obìnrin kan tó máa ń kó àlejò wá wo etí omi wá bá bàbá apẹja kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ju àwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Fọ́tò lásán ni wọ́n fẹ́ yà."

"Lọ́sàn-án gangan? Ta ló ń ju àwọ̀n lọ́sàn-án? Ìdájí là ń rí ẹja pa."

"Mo mọ̀, sà. Àmọ́ àlejò kì í tètè jí. Ṣebí owó wọn lẹ fi pààrọ̀ páànù ilé yín? Àwọn ìyá tó ń din ẹja níbí, wọn ò ráyè jókòó mọ́."

"Mi ò jiyàn. Owó wọn ṣe mí lóore." Bàbá ń fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jù ú léraléra kí wọ́n lè rí i yà dáadáa, apá mi kì í gbé e mọ́ ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ṣé o mọ ohun tí ìyàwó mi sè lánàá? Títù! Ó lọ ra ẹja yìnyín lọ́jà Boundary. Ìyàwó apẹja."

Ó tún un sọ, bíi pé ẹlòmíì ló ń ròyìn rẹ̀ fún un: "Ìyàwó apẹja."

Mo tẹjú mọ́ omi.

Ọkọ̀ mi dé. Bí mo ṣe ń wọlé, mo gbọ́ tí bàbá rọra bi obìnrin náà pé:

"Aago mélòó ni wọ́n ń bọ̀?"