Wọ́n Ya Àwòrán Ẹlòmíràn Sára Ọtí Màmá Mi

Mi ò jókòó, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má wulẹ̀ fa àga sílẹ̀, ẹ ṣeun, mi ò lè jókòó. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, ẹ̀yin lẹ mú un wá sí Houston yìí, ẹ̀yin náà ni mo máa fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Àbúrò yín jí màmá mi! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ní Dàpọ̀ jí màmá mi, ó rọ wọ́n sínú agolo, ó wá lọ lẹ orúkọ ìyá àgbà tiyín mọ́ wọn lára!

Ọtí kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àná ni mo mu, ojú mi ti dá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti plant ní Pasadena ni, oorun ń kùn mí, Dàpọ̀ ló pè mí, ó ní, "Kúnlé, dìde, jẹ́ ká lọ tọ́ craft beer wò ní La Porte, ọtí gidi, kì í ṣe omi tí wọ́n ń tà ní gas station." Ọ̀rẹ́ mi ló pè mí, mo wọ mọ́tò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á to ife kéékèèké sórí pákó, bí èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé lóògùn, èyí tó fúyẹ́ á ṣáájú, èyí tó le á kẹ́yìn. Ẹ ó mu díẹ̀, ẹ ó fi omi ṣan ẹnu, ẹ ó ní ẹ gbóòórùn kọfí, ẹ gbóòórùn igi. Mo ń ṣe gbogbo ẹ̀ bí ọmọlúàbí. Èyí tó ti pẹ́ nínú àgbá, tó dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ife kan ẹ̀ tó bíà mẹ́ta, mo mu ún, à ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ni Christopher, òyìnbó tó ni ilé ìpọntí yẹn, bá gbé ti ìgbẹ̀yìn wá. Mo fi kan ẹnu. Yéè! Àgbàdo tó hù. Orógbó yíyan. Orógbó, ẹ̀gbọ́n! Ní gbogbo Ìkirè, ta ló ń yan orógbó sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bí kì í bá ṣe màmá mi? Mo bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé wọ́n á dúró síbẹ̀. Mo wá wo ara agolo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọtí màmá àgbà Dàpọ̀ ni, wọ́n ya obìnrin kan tó kó iyùn sọ́rùn, tó wé gèlè bí ìyàwó ọba. Màmá mi tí eérú kì í kúrò lójú wọn láti àárọ̀ dalẹ́!

Ẹ ní ó lè ṣèèṣì jọra? Ha! Ẹ má bí mi nínú o. Ìyá yín àgbà pọntí rí? Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà títí wọ́n fi kú. Nígbà tí Ìtẹ́olúwa ìyàwó mi bímọ, tí màmá mi wá bá wa tọ́jú ìkókó ní apartment wa, ta ni kì í kúrò nílé wa? Inú bathtub ni àgbàdo ti hù, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó, àwa onílé ò ríbi wẹ̀. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí táìlì, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Wọ́n sì kọ́ ọ! Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kàn ní kó máa kí àwọn kú iṣẹ́ kó tó gbé e kan ẹnu, bí gbogbo Ìkirè ṣe ń ṣe. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ níbẹ̀? Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí nínú! Christopher tí Dàpọ̀ kọ́ ní ọtí náà ló ní kó mú ọmọ ilẹ̀ wa kan wá, kó wá jẹ́rìí pé báyìí ló ṣe ń rí nílé. Nínú gbogbo Yorùbá tó wà láti Pearland dé Katy, èmi ni Dàpọ̀ mú! Ó mọ̀ pé mi ò ní bọ́ ọ láṣọ níwájú àlejò. Òyìnbó tẹjú mọ́ mi, Dàpọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo gbé e mì. Mo ní, "Yes, just like home." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ara mi ni mo fi ta màmá mi lọ́rẹ.

Ẹ ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Nígbà tí màmá kú, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, orí fóònù ni mo ti wo bí Wúrà ẹ̀gbọ́n mi ṣe bu yẹ̀pẹ̀ sí wọn. Mi ò rí sàréè wọn dòní. Ohun tó kù mí kù lára wọn ni ìtọ́wò yẹn, Dàpọ̀ sì mọ̀! Kò ní dáa fún... rárá, mi ò ní ṣépè.

Ẹ wò ó, agolo kan rèé. Mo mọ̀ pé ẹ kì í mutí mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti wọ súùtánà. Ẹ má mu ún, ẹ kàn fi ahọ́n kàn án. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sá níléèwé wá sí ẹ̀yìnkùlé wa nígbà yẹn? Bó bá jẹ́ ti ìyá yín àgbà, ẹ sọ, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Dàpọ̀. Ó yá.

Ẹ̀n-ẹ́n. Díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n? Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣí fìlà?

Kí lẹ sọ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. "Ìyá Wúrà, ẹ kúuṣẹ́ o."

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu yín? Èmi kọ́ ni mo fi sí yín lẹ́nu! Ó yá, ẹ gbé fóònù, ẹ pe Dàpọ̀. Ẹ má bá a jà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ sí i létí, kẹ́ ẹ ní kó lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Christopher, kí wọ́n ha obìnrin oníyùn yẹn kúrò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára agolo gàdàgbà!