Má Juwọ́ sí Duarte

[Fóònù ń dún nílé kọfí kan lórí òkè. Obìnrin àgbà kan ń kọrin: «Àjàrà pọ́n lókè, ó pọ́n létí odò, ta ni yóò bá mi gbé agbọ̀n relé o.» Orin dúró.]

GRACINDA: Hẹ́lò. Ta nìyẹn?

DEOLINDA: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Deolinda. Ẹ káàsán. Ẹ kú iṣẹ́.

GRACINDA: Áà, Deo. Zeferino, ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ fi káàdì yín sílẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wá gbọ́ ohùn àbúrò mi. Mo ti fi í sí sípíkà. Obìnrin tí kì í gòkè wá kí èèyàn mọ́, àfi bí ẹni pé òkè yìí já a jẹ.

ZEFERINO: Deolinda, orúnkún ńkọ́?

DEOLINDA: Orúnkún wà níbẹ̀, Bọ̀dá Zeferino. Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ —

GRACINDA: Ẹ ti kórè apá odò tán?

DEOLINDA: Ó ku díẹ̀. Amadeu ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakata wọ́ tírélà kan kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Àwọn Duarte. Ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín?

GRACINDA: Wọn ò wulẹ̀ dé. Wọ́n ya bò mí bí eéṣú ni. Gbogbo wọn nínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ lọ wọ aṣọ. Wọ́n ní aṣọ náà nìyẹn. [Ẹ̀rín àwọn ọkùnrin.] Wọ́n mu kọfí, wọ́n gbé kéèkì mi mì. Duarte ọmọ ọmọ rẹ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

DEOLINDA: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì lọ.

GRACINDA: Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ọkọ ni?

DEOLINDA: Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ dá wọn dúró.

GRACINDA: Wọ́n ti lọ.

[Afẹ́fẹ́. Ìlà ń fọ́.]

GRACINDA: Deo? Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní wọ́n ti lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ni, ife wọn ṣì gbóná lọ́wọ́ mi báyìí.

DEOLINDA: Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?

GRACINDA: Mélòó lọ̀nà? Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni, èyí tó lọ sódò, sílé yín. Kí ló ṣe ọ́?

DEOLINDA: Mo wà ní kọ́nà igi ọ̀pọ̀tọ́. Tírélà Amadeu, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló já bó ṣe ń yí kọ́nà. Kò mọ̀, ó ń lọ ní tiẹ̀. Àjàrà ti dà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ tírélà ti fọ́ di omi, omi náà ti bo ọ̀nà láti ara ògiri dé etí ọ̀gbun. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

GRACINDA: Kọ́nà igi ọ̀pọ̀tọ́.

DEOLINDA: Ibẹ̀ náà ni.

GRACINDA: Níbi tí kò sí nǹkan kan láàárín títì àti odò.

DEOLINDA: Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó.

GRACINDA: Pe ọmọ náà.

DEOLINDA: Mo ti pè é, mo ti pè é. Àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù ń gbé. Kì í gbé e tó bá ń sọ̀kalẹ̀.

GRACINDA: Pe Amadeu bàbá rẹ̀ kó padà wá —

DEOLINDA: Katakata ń ké, ṣé etí rẹ̀ á gbọ́ ni? Mo fọwọ́ ha erùpẹ̀ dà sí i. Òkúta ni gbogbo ibí. Ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀, erùpẹ̀ tí mo rí ò kún ẹ̀kúnwọ́ méjì.

GRACINDA: Zeferino, mọ́tò rẹ dà?

ZEFERINO: Àwọn ọmọ gbé e lọ sóko. Kò sí mọ́tò kan lókè yìí lónìí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fausto nìkan ló wà.

GRACINDA: Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó máa ń jókòó sílẹ̀ tó bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ gbà mí. [Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn rẹ̀ ń jìnnà.] Duarte o. Duarte. [Ó padà, ó ń mí hẹlẹ.] Ohùn mi ò tiẹ̀ kọjá ọgbà àjàrà tó wà níwájú ilé. Deo, ṣé o gbọ́ mi?

DEOLINDA: Mo gbọ́ yín. Ṣé ẹ rí wọn?

GRACINDA: Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tò lọ bí ìjàlọ. Aṣọ pupa ló wà níwájú.

DEOLINDA: Duarte nìyẹn. Kì í jẹ́ kí ẹnìkan ṣáájú òun nínú ìsọ̀kalẹ̀.

GRACINDA: Ó ti fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀.

ZEFERINO: Agogo ńkọ́?

GRACINDA: Agogo wo?

ZEFERINO: Agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ká lù ú kíkankíkan, bí a ṣe ń lù ú tí iná bá ń jó. Gbogbo àwọn tó ń kórè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á gbé korobá omi, wọ́n á sáré bọ́ sí títì. Ta ló máa lè gun kẹ̀kẹ́ la àárín wọn kọjá?

GRACINDA: Iná ò jó, Zeferino. O rántí ojú tí wọ́n fi wo Hermínio lọ́jọ́ tó mutí tó lu agogo iná. Títí wọ́n fi sin ín, wọn ò kí i.

ZEFERINO: Mo rántí. Kí ni kí n ṣe?

DEOLINDA: Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mi ò gbọ́ nǹkan —

GRACINDA: Lọ lù ú. Ẹni tó bá bèèrè, ní èmi ni mo rán ọ.

[Ẹsẹ̀ ń sáré. Àga ṣubú. Láìpẹ́, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́.]

DEOLINDA: Mò ń gbọ́ agogo. Ṣé iná ń jó lókè ni?

GRACINDA: Kò sí iná. Àwa ni. Dúró ná, mò ń wò. Wọ́n ń jáde. Wo àwọn obìnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń bẹ́ lórí ògiri. Wọ́n ti kún títì, Deo. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti dúró, ọ̀kan ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn jà, jẹ́ kí wọ́n jà.

DEOLINDA: Ọpẹ́ o. Duarte náà ti dúró?

[Agogo nìkan.]

DEOLINDA: Ẹ̀gbọ́n mi. Duarte ńkọ́?

GRACINDA: Ó ti kọjá kí wọ́n tó bọ́ sí títì. Òun nìkan.

[Ìlà ń fọ́.]

GRACINDA: Ṣé o gbọ́ mi?

DEOLINDA: Mo gbọ́.

GRACINDA: Mi ò rí i mọ́ láti ibí. Òkè ti bò ó.

DEOLINDA: Èmi rí i. Òun nìyẹn, ó yọ sókè ọ̀hún. Mò ń juwọ́ sí i. Mo ti bọ́ ìborùn mi, mò ń fì í.

GRACINDA: Kí ló ṣe?

DEOLINDA: Ó juwọ́ padà. Ó gbé ọwọ́ kan kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó ń juwọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń — ó ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ sí i. Ó ń sáré sí i.

GRACINDA: Má juwọ́ sí i.

DEOLINDA: Ẹ ní?

GRACINDA: Má juwọ́ sí Duarte. Ṣé o gbọ́ mi? Ọdọọdún lo máa ń dúró sí kọ́nà yẹn pẹ̀lú ìborùn, tí wàá máa fì í, tí wàá máa kọrin pé kí ọmọ rẹ fò bí ẹyẹ. Kí lo fẹ́ kó rò?

DEOLINDA: Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

GRACINDA: Gbé ìborùn sílẹ̀.

DEOLINDA: Mo ti gbé e sílẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀yìn òkè. Tó bá tún máa yọ, ọ̀dọ̀ mi ló máa yọ sí.

GRACINDA: Níbo lo dúró sí? Òkè àjàrà tó dà yẹn, àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

DEOLINDA: Ìsàlẹ̀.

GRACINDA: Kọjá sókè.

DEOLINDA: Nínú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún mi —

GRACINDA: Mo mọ orúnkún rẹ. Bọ́ bàtà. Bọ́ ọ. Láti ìgbà tí eyín wa ti ń yọ la ti ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àjàrà nínú kòtò ọtí. Ṣé o ti ṣubú níbẹ̀ rí?

DEOLINDA: Ẹ̀yin lẹ ṣubú.

GRACINDA: Èmi ni mo ṣubú, ìwọ ò ṣubú rí. Di ògiri mú. Má gbé ẹsẹ̀, fà á ni. Ọ̀tún. Òsì. Ṣé o ń lọ?

DEOLINDA: Mò ń lọ. Ó tutù.

GRACINDA: [Ó ń kọ ọ́ lórin, jẹ́jẹ́.] Ọ̀tún, kí ọtí ó dùn. Òsì, kí ọtí ó pọ̀. Ọ̀tún, kí ọtí ó dùn. Òsì —

[Ìmí Deolinda. Òkúta kan yí bọ́. Ìlà fọ́, ó tún já geere.]

GRACINDA: Deo? Ṣé o gbọ́ mi?

DEOLINDA: Mo ti kọjá.

GRACINDA: Rìn síwájú sí i. Sí i. Ó tó. Dùbúlẹ̀.

DEOLINDA: Dùbúlẹ̀ bí i ti báwo?

GRACINDA: Sójú títì. Gbalaja. Tó bá bá ọ lórí ìdúró, á ní ìyá àgbà òun ń yẹ́ òun sí. Tó bá bá ọ nílẹ̀, á fa bíréèkì.

DEOLINDA: Tí kò bá tètè rí mi ńkọ́?

[Àga ń dún bí Gracinda ṣe jókòó.]

DEOLINDA: Ẹ̀gbọ́n mi?

GRACINDA: Mi ò mọ̀, Deo. Mi ò mọ̀. Mo jókòó sórí àga níbí, fóònù ló wà lọ́wọ́ mi.

DEOLINDA: Ó dáa. Mo ti dùbúlẹ̀. Ọ̀dà títì gbóná lẹ́yìn mi bí ààrò. [Ẹ̀rín kékeré.] Ẹ wo àgbàlagbà bí èmi.

GRACINDA: Má gbé fóònù sílẹ̀.

DEOLINDA: Mò ń gbọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń ké bí ìrẹ̀.

GRACINDA: Dìde. Deo, dìde, mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà, dìde kúrò níbẹ̀ —

DEOLINDA: Ó ti pẹ́.

[Bíréèkì ń han gooro. Irin lu òkúta. Fóònù bọ́ lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan.]

GRACINDA: Deo.

[Agogo dúró.]

GRACINDA: Deolinda. Ṣé o gbọ́ mi? Àbúrò mi. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ẹsẹ̀ púpọ̀, korobá ń kan ara wọn, omi ń dà.]

OHÙN OBÌNRIN KAN: Iná dà? Ilé ta ló ń jó?

ZEFERINO: Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé —

GRACINDA: Iná ò sí. Èmi ni. Ẹ bú mi tó bá yá. Ẹ dákẹ́ kí n gbọ́ràn. Deo, ṣé o gbọ́ mi?

[Gbogbo ilé dákẹ́. Ìlà ń fọ́. Ẹnìkan gbé fóònù nílẹ̀.]

DUARTE: Hẹ́lò? Ìyá àgbà Gracinda?

GRACINDA: Duarte. Àbúrò mi ńkọ́?

DUARTE: Wọ́n wà nílẹ̀.

GRACINDA: Wọ́n wà nílẹ̀ bí i ti báwo?

DUARTE: Mo rí wọn, mo fa bíréèkì, mo fi kẹ̀kẹ́ lu ògiri kí n má bàa gun wọn. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, táyà iwájú ti ká. Wọn ò fara pa o. Mo ní kí n gbé wọn dìde, wọ́n kọ̀.

GRACINDA: Kí ló dé tó fi kọ̀?

DUARTE: Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò lójú títì títí gbogbo ẹgbẹ́ mi á fi fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀. [Ohùn Deolinda lókèèrè.] Wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n ní kí ẹ gbé oúnjẹ wá síbí.

[Gracinda ń rẹ́rìn-ín, tàbí ó ń sunkún.]

GRACINDA: Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tó gbé omi wá paná. Ẹ má da omi yẹn nù, kọ́nà igi ọ̀pọ̀tọ́ la máa fi í fọ̀. Ẹni tí korobá rẹ̀ ti ṣófo, ìkòkò ọbẹ̀ àwọn akórè wà lórí iná, gbogbo yín lẹ ni ín. Ẹ bù ú, ẹ kó búrẹ́dì àgbàdo tó wà lórí tábìlì, ká jọ sọ̀kalẹ̀, ká lọ jẹun lójú títì. Zeferino, bá mi mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fausto wá, bó fẹ́, bó kọ̀. Duarte, ṣé o gbọ́ mi?

DUARTE: Mo gbọ́ yín.

GRACINDA: Sọ fún un pé mò ń bọ̀. Sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yọ̀ rí, mo ní kó —

[Ìlà já.]