Ẹja Tí Uncle Akínjídé Ń Dúró Dè

Ẹ̀yin ará ìpàdé àdúrà ilé wa ní Fairburn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà nípa ẹja yẹn mọ́. Èmi Adéwùmí ni mo ń bẹ̀ yín. Ní Sunday tó kọjá, Uncle Akínjídé dìde láàárín wa, wọ́n ní ká bá àwọn bẹ Ọlọ́run kí Alàgbà jáde, kí àwọn rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo yín di ojú, ẹ sì gba àdúrà náà kíkankíkan. Èmi náà ṣe àmín. Àmín tèmi ló tilẹ̀ ròkè jù. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà, ṣùgbọ́n ó jọ pé èmi ò tíì dàgbà tó, nítorí láti ọjọ́ náà ni ọbẹ̀ kan tí mo jẹ ní December ti ń mì nínú mi. Òtítọ́ á jáde lónìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sórí WhatsApp wa, níbi tí Uncle náà á ti kà á, kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa, Alàgbà kì í ṣe èèyàn. Ẹja àrọ̀ ńlá kan ni, inú adágún omi ẹ̀yìn estate wa ló ń gbé. Ìyàwó Uncle, Aunty Edith, ló kọ́kọ́ fi ìwọ̀ gbé e ní ìgbà òtútù tó ṣáájú ikú wọn. Wọ́n wo irùngbọ̀n rẹ̀ tí ọ̀kan ti já, wọ́n wo bó ṣe fajú ro, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó jọ alàgbà ìjọ àwọn ní Òṣogbo tí wọ́n jí lójú oorun. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Láti ìgbà tí Aunty Edith ti lọ, bí òtútù bá ti dé, Uncle á fi ìwọ̀ mú Alàgbà, wọ́n á sọ fún un pé, "Edith ní kí n kí ẹ," wọ́n á sì dá a padà sómi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti rí i, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín délé.

Bàbá tó bí mi kú kí n tó mọ̀ ọ́n. Uncle ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Atlanta pẹ̀lú àpótí kan àti jákẹ́ẹ̀tì tí kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ òtútù. Wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, wọ́n bú mi títí mo fi mọ̀ ọ́n wà. Àwọn ló mú mi dé ibi iṣẹ́ cargo ní College Park. Àwọn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja nígbà òtútù, nígbà tí gbogbo èèyàn ti sá wọlé: pé òtútù ń mú ẹja náà, kò fẹ́ rìn, nítorí náà kí n ju ẹ̀dọ̀ adìẹ síbi tó jìn, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pátákó tó wà létí omi, tó ní ẹja yòówù ká mú, ká dá a padà. Mo ní, "Uncle, ẹja tó tóbi báyìí? Kí la wá ṣe níbí gan-an?" Wọ́n ní, "Enjoyment ni, jàre. No be everything wey you see you go chop." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ta nínú wa ló rí àrọ̀ láàyè rí tí kò ti fọkàn sè é?

Ní December, oyún Tóyìn ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pepper soup. Mo ra àrọ̀ dídì wá, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Honey, ẹja yìí ti kú kí n tó gba visa. Fresh one ni baby ń fẹ́." Ní Friday kan tí Uncle lọ rí dókítà, mo gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sétí omi. Ọlọ́run rí ọkàn mi, ẹja mìíràn ni mo ń wá. Àfi bí okùn mi ṣe le gírí, tí mo fà á, tí mo fà á, tí Alàgbà yọjú, irùngbọ̀n kan já, ojú ro koko. A wo ara wa. Mo ní, "Alàgbà, ẹ má bínú." Alágàbàgebè ni mí! Ọwọ́ tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹja náà ló ń ṣí kúlà. Mo gbé e sínú rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Tóyìn rò pé ọjà ni mo ti rà á, mi ò sì là á lọ́yẹ. Ọbẹ̀ náà ta sánsán dé títì. Bí a ṣe fẹ́ẹ́ bù ú báyìí ni bẹ́ẹ̀lì dún. Uncle ni, pẹ̀lú báàgì ọsàn fún aboyún. Tóyìn kúnlẹ̀, ó ní, "Uncle, ẹ káàbọ̀ sir. Ẹ wá bá wa jẹun." Mo ń gbàdúrà nínú pé kí wọ́n ní àwọn ti yó, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Wọ́n fa àga, wọ́n ní, "Pẹ̀lú òórùn yìí? Ẹsẹ̀ mi dára lónìí o." Ẹ sì mọ̀ pé bí àgbà bá wà nídìí oúnjẹ, òun ló ni orí ẹja. Orí Alàgbà, tí irùngbọ̀n kan ti já lára rẹ̀! Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ Tóyìn, mo ní kó jókòó, kó sinmi ẹsẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, torí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Inú kíṣìnì ni mo ti fi ọ̀bẹ fá irùngbọ̀n Alàgbà dànù, mo sì da efinrin bò ó lójú. Uncle jẹ orí náà, wọ́n fa egungun rẹ̀ mu, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ní, "Adéwùmí, láti ìgbà tí Edith ti kú, mi ò jẹ ẹja tó dùn tó báyìí." Wọ́n wá gbàdúrà pé a ò ní wá àgbà tó máa jẹ orí ẹja tì nílé wa. Mo ṣe àmín. Ẹ rí i pé àmín kò wọ́n lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó létí omi. Uncle ju ìwọ̀, wọ́n dúró, dúró, wọ́n ní, "Alàgbà ò tíì jí." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní fẹ́ rí mi sójú mọ́. Mo ní, "Òtútù yìí ti pọ̀ jù, sir. Ó ti sùn sísàlẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi irọ́ bọ́ irọ́.

Ẹ dúró o, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Ní January, Hephzibah, ọmọ Uncle tó wà ní Houston, pè mí. Ó ní, "Brother Wùmí, please, ẹ bá mi talk to Daddy. Room wọn ti ready. Wọ́n ní àwọn ò ní move àfi tí àwọn bá rí ẹja Mummy, kí àwọn ṣe bye-bye fún un. Nínú òtútù yẹn, at their age!" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó hàn sí mi kedere pé bí ẹja náà ò bá jáde, Uncle ò ní lọ. Èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Ní Saturday, Uncle ní ọ̀rọ̀ Alàgbà ti sú àwọn, bóyá kí àwọn kúkú máa palẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Uncle, mo gbàgbé láti sọ fún yín. Mo rí Alàgbà láná. Ó yọ orí." Ojú wọn tàn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Are you serious? Ó ṣì wà?" Mo ní, "Ó wà, sir." Wọ́n tún síkáàfù wé mọ́rùn, wọ́n sì jókòó títí òjò fi lé wa. Ikọ́ tí wọ́n kó lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń wú títí di òní. Torí ìyàwó mi ni mo ṣe pa ẹja. Irọ́ yìí, torí ara mi ni. Mo fi àgbàlagbà sínú òtútù, kí n má baà di ọmọ tí kò ní bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Tóyìn lánàá, ìrọ̀rí ló kọ́kọ́ fi lù mí. Ó ní, "Èmi tí mo kúnlẹ̀ pè wọ́n sídìí ọbẹ̀!" Ó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn ńlá yẹn mú, lẹ́yìn náà ló sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú yìí, ẹ gbọ́: bí ẹnì kan bá fi ohun tó fẹ́ràn hàn yín, ẹ má gbé ìkòkò kaná. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ kó lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ kó lọ.

Uncle, ẹ̀yin ló kù. Ẹ má lọ sétí omi mọ́. Mo jẹ Alàgbà, mo fún yín jẹ, mo sì purọ́ fún yín lójú ara yín. Ẹ foríjì mí, sir. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ, ohun tó yẹ kí n ti sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ. Houston móoru jù ibí lọ, ọmọ yín sì ń retí yín. Ẹ má wulẹ̀ wọ bàálù, ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé yín lọ. Ọ̀nà náà jìn, ẹ máa ráyè bú mi dáadáa. Bí a bá sì máa fi dé Louisiana lójú ọ̀nà tí ẹ ò tíì dárí jì mí, màá rọra wà á.