Àgádágodo Tí Mo Kọ́ Ní Irọ́ Pípa

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi, nítorí ẹnu èmi gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ara mi le koko. Kò sí dókítà tó sọ fún mi pé ó ku díẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí ẹ ń pè ní Abẹ, tí mo máa ń wo Ọ̀gá lójú tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ara mi ni mo fẹ́ fi ẹnu náà gé lónìí. Ọ̀gá ti sọ fún yín pé àwọn tó ń ṣe lífíìtì fẹ́ gba láíbìrì C wa, àkójọ kóòdù tí à ń kọ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè ilé. Wọn ò gbọdọ̀ gbà á bó ṣe wà. Irọ́ kan wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀, irọ́ náà ti gba ìka lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sì ti lé ọkùnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà tí mo débí, ohun kan ṣoṣo ni láíbìrì wa lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá wá ní àwọn fẹ́ kí bọ́ọ̀dù wa, pátákó kékeré tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, máa ṣe iṣẹ́ méjì mẹ́ta pọ̀, bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan bá jọ wà nínú yàrá kan. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bọ́ọ̀dù yìí là ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá béèrè ẹni tí yóò kọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kóòdù ti kan irin. Gbogbo wọn gbé ife tíì sẹ́nu. Mo ní, "Èmi ni. Ẹ̀yin ẹ máa mu tíì yín." Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, èmi ni mo kọ́ ara mi, ìyẹn sì ti kó sí mi lórí. Apá tó le jù níbẹ̀ ni àgádágodo. Tí òṣìṣẹ́ méjì bá ń lo síléètì kan náà, wọn ò gbọdọ̀ jọ fọwọ́ kàn án pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á ti àgádágodo, èkejì á sùn sẹ́nu ọ̀nà, tí ti inú bá parí, á jí i. Àgádágodo tèmi ní àbùkù kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti inú á kan ilẹ̀kùn láti jí ẹnìkejì nígbà tí onítọ̀hún ò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ rárá. Ìgbà tí ó bá wá sùn, kò sẹ́ni tí yóò jí i mọ́, gbogbo bọ́ọ̀dù á sì há.

Ẹ mọ àga tí kò ní ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí bọ́ọ̀dù bá há sí lọ́wọ́ ló ń jókòó lé e títí yóò fi tún un ṣe. Òfin ibí nìyẹn, èmi ni mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo ti sọ fún ẹnìkan rí pé àga náà mọ ìdí rẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣé èmi ni màá wá lọ jókòó lé e? Mo wá àbùkù náà títí, mi ò rí i. Dípò kí n ké sí ẹlòmíràn, mo kọ ọ́ sínú àgádágodo pé bí ẹni tó ń dúró bá ti pẹ́ jù, kí ó jí i, kí ó sọ fún un pé, "Ó kàn ọ́, wọlé," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣì wà nínú. Láti ọjọ́ náà bọ́ọ̀dù ò há mọ́. Ọ̀gá ní, "Abẹ, iṣẹ́ rẹ mọ́." Mo ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹ ò rí ẹnu.

Jẹ́jẹ́ ló fi láíbìrì náà kọ kóòdù ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá. Ọkọ àbúrò mi ni, èmi ni mo mú un wá síbí. Jẹ́jẹ́ la sọ ọ́, torí pé kì í kánjú, á máa ka kóòdù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ náà ní òṣìṣẹ́ méjì nínú. Ọ̀kan ń wò bóyá ọwọ́ èèyàn wà lábẹ́ irin, ó ń kọ ọ́ sí síléètì. Èkejì ń ka síléètì kó tó sọ irin gbígbóná kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oru omi gbígbóná bo ojú èyí tó ń wo ọwọ́. Ó ti nu síléètì, ó ń pẹ́ kó tó kọ tuntun. Èkejì dúró, ó dúró, ó pẹ́ jù. Àgádágodo mi ní, "Wọlé." Ó wọlé, ó bá síléètì lófìfo, ó ní kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ wà níbẹ̀. Obìnrin alágbàfọ̀ kan ń tẹ́ aṣọ ibùsùn, irin sì bà lé ìka rẹ̀. Ìka méjì ni wọ́n gé.

Bí mo ṣe gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo kàn fura. Ọ̀gá kó wa jọ, wọ́n ní, "Ta ló kọ ẹ̀rọ yìí?" Jẹ́jẹ́ dìde, ó ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n yíjú sí mi: "Láíbìrì ńkọ́?" Mo ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti gbé láíbìrì tèmi jáde, kò há rí. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín." Òótọ́ ni, kò há rí. Òótọ́ yẹn ni mo fi bo irọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ sílé.

Ẹ má tíì mí kanlẹ̀, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Jẹ́jẹ́ wá bá mi nílé, ó tẹ kóòdù náà sórí ìwé, àbúrò mi tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kà á títí, mi ò rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá ti mọ ibẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀." Àbúrò mi ní, "Kò sùn mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un." Mo gba ìwé, mo kà á. Kóòdù náà mọ́ débi pé ó bí mi nínú. Bí mo bá sọ pé èmi náà ò rí nǹkan kan, á máa wá a lọ, bí mo sì ṣe mọ Jẹ́jẹ́, á wá a dé ìdí àgádágodo. Ni mo bá fi ìka lé ìlà kan. Mo ní, "Ibí nìyí. Ó yẹ kó o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì." Ó tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní, "Ibí kẹ̀. Mo mà ti kọjá ibí láìmọye ìgbà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi nu ojú, ó ní, "Ọlọ́run á bá wa san án fún yín." Láti ìgbà náà Jẹ́jẹ́ ò kọ kóòdù mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Wọ́n bi í, ó ní ojú òun kì í rí nǹkan.

Mo ti lọ bá alágbàfọ̀ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọkùnrin tó máa ń wá kí mi yẹn, ṣé ó ti mọ̀ pé kì í ṣe òun? Lọ sọ fún un ná, kó o tó máa bẹ̀ mí." Mo lọ bá Jẹ́jẹ́. Kò pariwo. Ó ní, "Ìlà tí ẹ fi hàn mí yẹn ńkọ́?" Mo ní kò sí ohun tó ṣe ìlà náà. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lé mi." Ohun tí mo wá ṣe nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa, ẹ̀rọ tó bá há, ẹ jẹ́ kó há. Ó ń sọ fún yín pé nǹkan ò dáa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni yóò fi sanwó rẹ̀. Ọ̀gá, ẹ sọ fún àwọn onílífíìtì kí wọ́n dúró. Ẹ kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ ò ní àbùkù, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ tiẹ̀ nígbà náà gbọ́ tòní. Ohun tó bá yẹ mí, ẹ fi ṣe mí, mi ò ní bá yín jiyàn, ẹ sì mọ̀ pé mo lè jiyàn.

Jẹ́jẹ́ ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Jẹ́jẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Ẹ̀yin tó kù, mo mọ̀ yín. Mo ti rí àwọn tó ń múra láti sọ fún un pé kó gbójú fò ó, pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣáà ni mí. Ẹ fi í sílẹ̀ kó ro ohun tó bá fẹ́ rò. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.