Ẹ̀jẹ̀ Táyé, Orúkọ Kẹ́hìndé

[Èrúwà, ọ̀sán. Ẹ̀rọ ìránṣọ Kẹ́hìndé ń sáré. Fóònù dún.]

TÁYÉ: Àlóò? Ẹ̀gbọ́n mi! Ìyàwó ojú ọ̀nà!

KẸ́HÌNDÉ: Táyé, ọmọ ìyá mi. Gbénró ọkọ ẹ ńkọ́? Oyún ńkọ́?

TÁYÉ: Ó ń ta mí nípàá bí ẹṣin. Oṣù mẹ́jọ, ó ti sú mi. Àmọ́ mi ò sí nílé ní Tápà o. Igbó-Ọrà ni mo wà, ẹnu ọ̀nà láàbù.

KẸ́HÌNDÉ: Rìsọ́ọ̀tì ti jáde?

[Ọ̀kadà kan kọjá lọ́dọ̀ Táyé.]

TÁYÉ: Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ẹ?

KẸ́HÌNDÉ: Sọ̀rọ̀, jàre!

TÁYÉ: Àṣírí ẹ ti tú. Ṣé o gbọ́ mi? Àrùn ẹ̀dọ̀ ẹ. Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà síwèé: hepatitis B, positive! Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n gbà?

TÁYÉ: Tèmi náà ni, bí Màámi ṣe wí. Mo wọ búláòsì ẹ, mo fi orúkọ ìsàmì ẹ dá wọn lóhùn, pé èmi ni Keturah tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ìgbéyàwó. Ọkùnrin yẹn wo ikùn mi, ó ní ìgbéyàwó yìí ò gbọdọ̀ pẹ́ o! [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.] Orúkọ ẹ ló kó bá wa. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn.

KẸ́HÌNDÉ: Táyé, kì í ṣe orúkọ—

TÁYÉ: Mo ti rò ó. Màá ya ìwé yìí. Lọ́la, màá lọ láàbù mìíràn. Pásítọ̀ á rí tiẹ̀ gbà kó tó di Sọ́ńdè, Bólúwadúró àfẹ́sọ́nà ẹ ò ní gbọ́ sí i—

KẸ́HÌNDÉ: Táyé—

TÁYÉ: Ọdún méjì tí o ti ń fi oògùn pamọ́ sínú páálí òwú! O rò pé màá jẹ́ kó já sí asán?

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ̀jẹ̀ ẹ ni wọ́n yẹ̀ wò!



TÁYÉ: Ohùn ẹ ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

KẸ́HÌNDÉ: Mo gbọ́ ẹ. Kì í ṣe èmi ni wọ́n rí. Ìwọ ni.

TÁYÉ: Ara mi le koko.

KẸ́HÌNDÉ: Ara tèmi náà le. Dókítà sọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn pé ó lè jẹ́ lára Màámi la ti kó o, nígbà tó bí wa. Ó ní kí gbogbo ilé wá ṣàyẹ̀wò. Màámi ní kí n panu mọ́. Mo panu mọ́.

TÁYÉ: O mọ̀?

KẸ́HÌNDÉ: Mo rò pé èmi nìkan— Rárá. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ rò ó ni.

TÁYÉ: Wọ́n ní ìwọ lo rán mi ṣáájú wá tọ́ ayé wò. O tún rán mi lọ tọ́ èyí náà wò.

KẸ́HÌNDÉ: Táyé, jọ̀ọ́, gbọ́. Ilé àbíyè ìjọ yín kì í gba ẹ̀jẹ̀ wò. Má bí síbẹ̀. Ọsibítù ni. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ bó bá ṣe ń délẹ̀ báyìí, kí ọjọ́ kan tó pé. Ṣé o gbọ́ mi?

TÁYÉ: Gbénró á bi mí pé kí ló dé. Ìyá ẹ̀ á ya abọ́ mi sọ́tọ̀.

KẸ́HÌNDÉ: A kì í tara abọ́ kó o.

TÁYÉ: Ìwọ tí o mọ̀ yẹn, ṣé o ti sọ fún Bólúwadúró?

KẸ́HÌNDÉ: Tìẹ là ń sọ lọ́wọ́.

TÁYÉ: Ẹ̀n-ẹ́n! Orúkọ ẹ ló wà níwèé, kì í ṣe tèmi. Jẹ́ kó jẹ́ tìẹ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

KẸ́HÌNDÉ: Ọmọ inú ẹ ńkọ́?

TÁYÉ: Ṣèlérí fún mi!

KẸ́HÌNDÉ: Mi ò ṣe. Mò ń bọ̀ nísinsìnyí. Dúró síbẹ̀. A jọ máa wọlé lọ bá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sí i. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún Gbénró. Màá sọ fún Bólúwadúró náà. Ṣé o gbọ́ mi?

TÁYÉ: —ò gbọ́— ọ̀kadà Tápà ti—

KẸ́HÌNDÉ: Má gùn ún! Táyé, má ya ìwé yẹn! Ṣé o gbọ́ mi? Táyé? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè náà já.]